Ọ̀pá Ẹrẹ̀ Mẹ́sàn-án

Mo ti fọwọ́ sí irọ́ rí. Ẹ̀rọ láàbù ló sọ gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí, n kò hùmọ̀ ọ̀kankan láti orí ara mi, síbẹ̀ irọ́ gidi ni. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí nítorí pé inú ṣì ń bí mi, n kò sì fẹ́ kí inú náà rọ̀ kí n tó sọ ọ́.

Ọmọ Oǹdó ni mí. Olùkọ́ ni ìyá mi kó tó fẹ̀yìn tì, opó ni, obìnrin tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í sì í gbàgbé ohun tí ènìyàn bá ṣèlérí. Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì. Mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo padà sílé, mo jókòó ti ìyá mi fún ọdún kan gbáko láìríṣẹ́.

Ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ di tuntun ni. Wọ́n ti yọ Èkìtì kúrò lára wa, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ará Èkìtì sì ti kó ẹrù wọn lọ sí olú-ìlú tiwọn. Ilé tó ṣófo pọ̀ ní Àkúrẹ́ nígbà náà. Nínú ọ̀kan lára wọn, lẹ́bàá òpópónà Arakale, ni ọkùnrin kan ti ṣí láàbù kékeré kan. Onímọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ni ọkùnrin yìí, ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìjọba. Ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa júwe mi fún un, ó sì gbà mí síṣẹ́. Mo gba yàrá kan ní Ìsìkàn, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó máa ń pe ilé ní “ulé”, tó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín nítorí èdè Oǹdó tí mo ń sọ.

Omi ni iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá gbẹ́ bọ́hòlù ní Ìjù tàbí níbòmíràn á rọ omi rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, á gbé e wá, èmi á wo bí irin ṣe pọ̀ tó níbẹ̀, ọ̀gá á tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé. Báyìí la ń ṣe é títí ọdún fi yí. Iṣẹ́ tí kò ní adùn ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni ti òkun dé. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ la ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi ńlá ní etí òkun Ìlàjẹ, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ wa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun kúrò kí ibẹ̀ lè jìn. Àwọn ará abúlé kan níbẹ̀ kọ̀. Wọ́n ní epo rọ̀bì ti dà sójú omi àwọn nígbà kan, pé ó ti rì sínú ẹrẹ̀, pé bí wọ́n bá tú ẹrẹ̀ náà, májèlé á dé bá ẹja. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, abúlé àti ilé iṣẹ́ náà wá fẹnu kò pé kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yẹ ẹrẹ̀ náà wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ yẹn bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá mi.

Ọ̀gá mi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ òpè ni, ǹ bá ti dárí jì í. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó pè mí jáde sí àgbàlá, ó bu ilẹ̀ pupa díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

“Bí òjò bá rọ̀, níbo ni ilẹ̀ yìí ń lọ?”

“Sínú gọ́tà, sà.”

“Lẹ́yìn gọ́tà ńkọ́?”

“Odò Alà, sà.”

“Lẹ́yìn Alà?”

Mo ń ka àwọn odò tí mo mọ̀ lórí ìka.

“Òkun,” ó ní. “Odò kan á gbé e fún òmíràn títí yóò fi dé òkun. Bí omi dídùn bá pàdé omi iyọ̀, amọ̀ á so mọ́ra, á wúwo, á rì. Ewé á rì mọ́ ọn, òkú ẹja á rì mọ́ ọn. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rì á bo ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ki ọ̀pá oníhò bọ inú ẹrẹ̀ náà tí o sì fà á yọ ní odidi, ọdún àìpẹ́ lo máa rí lókè, ọdún pípẹ́ nísàlẹ̀.”

Ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ṣàlàyé fún mi bí bàbá ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ. Ó ní òkè téńté ẹrẹ̀ náà, tí kò nípọn ju ìka kan lọ, nìkan ló ń rí atẹ́gùn. Lábẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn ti tán. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ewé jíjẹrà níbẹ̀ kò lè mí bíi tiwa, imí ọjọ́ tó wà nínú iyọ̀ òkun ni wọ́n fi ń mí. Ohun tó ń jáde lára wọn ni gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Gáàsì yìí á so mọ́ irin inú ilẹ̀ pupa wa, àwọn méjèèjì á di ohun dúdú. Òun ló fi jẹ́ pé ilẹ̀ tó pupa ní Àkúrẹ́ á di dúdú bí èédú lábẹ́ òkun.

“Ohun dúdú yẹn ló ń di májèlé mú,” ó ní. “Òjé àti àwọn irú rẹ̀, gbogbo wọn ló so mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Epo náà á pẹ́ níbẹ̀ nítorí pé kò sí atẹ́gùn tí yóò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí atẹ́gùn bá kàn án, ó parí. Dúdú á di pupa, imí ọjọ́ á di ásíìdì, ásíìdì á jẹ ìkarahun tó wà níbẹ̀, á sì tú òjé sílẹ̀ sínú omi. Tí atẹ́gùn bá kan ẹrẹ̀ mi kí o tó yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ẹrẹ̀ tí a fà yọ lo ń yẹ̀ wò mọ́. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lọ́jọ́ náà.

Kò bá mi lọ sí òkun, ó ní orúnkún ń dun òun. Mo wọ mọ́tò kọjá Òkìtìpupa dé Ìgbókòdá, mo sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ará abúlé ti yan bàbá apẹja kan láti gbé mi káàkiri. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Etí òkun tiwọn kò ní iyanrìn funfun bí èyí tí mo ti rí nínú àwòrán. Ẹrẹ̀ ni láti ìdí ilé wọn wọ inú omi lọ, ẹsẹ̀ mi sì rì dé orúnkún lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Bàbá náà fà mí jáde bí ẹni ń fa iṣu.

“Àwọn tó ti wá ṣáájú rẹ,” ó ní, “omi òkè ni wọ́n bù lọ sínú ìgò. Omi òkè mọ́. Ta ló sọ fún wọn pé omi òkè kò mọ́?”

“Èmi kò bá ti omi wá, Bàbá. Ẹrẹ̀ ni mo fẹ́.”

Ó wò mí dáadáa. “Ó dáa, ọmọ mi. Wọ ọkọ̀.”

Irinṣẹ́ wa kò ju páìpù irin kan lọ, tí a so irin wúwo mọ́ lórí, tí ọ̀pá ike tó mọ́ gaara sì wà nínú rẹ̀. A ó jù ú sínú omi pẹ̀lú okùn, yóò gún ẹrẹ̀ wọlé, èmi àti bàbá yóò sì fà á sókè. Ọ̀pá márùn-ún la kọ́kọ́ gbà, ní ẹnu odò tó jìnnà sí abúlé, kí a lè fi wé ti abúlé. Lọ́jọ́ kejì ó gbé mi lọ sí iwájú abúlé gan-an, ibi tó ní epo náà rì sí, a gba mẹ́sàn-án níbẹ̀.

N kò lè gbàgbé èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú mẹ́sàn-án yẹn. Ó dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀, àyàfi ilà pupa tóóró lórí. Ní àárín, ilà kan wà tó ń dán. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ kọ́kọ́ kọlù wá, òórùn bíi ti kẹrosíìnì sì tẹ̀lé e. Mo fi ọwọ́ bo imú. Omi tó ń kán láti ìdí ọ̀pá náà tàn bí òṣùmàrè lójú òkun.

“Ṣé o gbọ́ òórùn yẹn?” bàbá náà bi mí.

“Mo gbọ́ ọ, Bàbá.”

“Ó dáa. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi.”

Mo yọ́ àbẹ́là, mo fi dí ẹnu ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, mo to gbogbo wọn sínú kúlà pẹ̀lú áìsì. Nígbà tí mọ́tò dé Oǹdó, mo yà kí ìyá mi. Ó ṣí kúlà náà wò, ó pa á dé kíákíá.

“Ṣé ohun tí mo tìtorí ẹ̀ rán ẹ ní yunifásítì nìyí?”

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo dé Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́, mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sínú fírísà, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀bi tèmi kìn-ín-ní rèé. Mo ní kí n fi àwọn ti ẹnu odò bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ náà lè mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó kan àwọn tó ṣe pàtàkì. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Bí iná bá wà, mo ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí, ọ̀gá máa ń tan jẹnẹrétọ̀ fún fírísà. Mo parí márùn-ún. Wọ́n mọ́ díẹ̀, bí a ṣe rò. Ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àwọn mẹ́sàn-án nígbà tí aládùúgbò wa kan ní Oǹdó pè mí lórí fóònù ọ́fíìsì pé ìyá mi ṣubú ní ilé ìdáná. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó ní kí n máa lọ, ó tilẹ̀ gbàdúrà fún mi. Mo lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá mi.

Nígbà tí mo padà, ọ̀sán gangan ni. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àwọn ọ̀pá mi mẹ́sàn-án wà lórí ilẹ̀ lábẹ́ páànù, àwọn kan dúró, àwọn kan dùbúlẹ̀, oòrùn sì ń gba ihò páànù tàn sí wọn. Àbẹ́là ti yọ́ kúrò lẹ́nu wọn. Omi pupa ti ṣàn jáde lára wọn sórí sìmẹ́ǹtì, ó sì ti gbẹ. Mo kúnlẹ̀, mo gbóòórùn ọ̀kan. Kò rùn mọ́. Ẹrẹ̀ tó dúdú bí èédú ti pupa bí irin tó dípẹtà, ó ti sán káàkiri. Mo fi bébà tí a fi ń mọ ásíìdì kan omi tó kù nídìí ọ̀kan, ó pọ́n lójú ẹsẹ̀. Àwọn ìkarahun funfun kéékèèké tí mo rí nínú rẹ̀ lójú òkun ti jẹrà, bí mo ṣe fọwọ́ kàn wọ́n ni wọ́n di ìyẹ̀fun.

Ọ̀gá mi wà nínú ọ́fíìsì, ó ń ka ìwé ìròyìn.

“Ẹ káàsán, sà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n, o ti dé. Ìyá ńkọ́?”

“Ara wọn ti ń yá, sà. Sà, ta ló kó ẹrẹ̀ jáde nínú fírísà?”

Kò gbé ojú kúrò lórí ìwé. “Èmi ni. Ìdána ọmọ mi bọ́ sí Sátidé, fírísà ilé kò gba ẹran. Mo ní kí wọ́n rọra tò wọ́n sí abẹ́ páànù. Ọjọ́ mélòó kan péré ni.”

“Ọjọ́ mẹ́fà ni, sà. Mo ti bi gáádì ẹnu ọ̀nà.”

“Ṣebí ẹrẹ̀ ni? Ẹrẹ̀ tó ti wà lábẹ́ òkun láti ìgbà àwọn bàbá wa, ọjọ́ mẹ́fà ni yóò wá pa á?”

Mo wò ó. Ẹni tó bu ilẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tó kọ́ mi ni mo ń wò yìí. Ó mọ̀. Bí kò bá mọ̀, ì bá ti wò mí lójú.

“Ẹ jẹ́ kí n padà lọ gba òmíràn, sà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni.”

“Wọ́n ń retí ìwé náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí n wá sọ fún wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀? Lọ yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe wà. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni kí o kọ.”

Mo yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe wà. Epo fífúyẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ kékeré wa mọ̀ ọ́n wò, ìyẹn sì ti gbẹ lọ nínú oòrùn. Òjé ti bá omi pupa náà ṣàn sórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀pá mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ ní gbogbo wọ́n mọ́. Wọ́n tilẹ̀ mọ́ ju ti ẹnu odò lọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe wí, ṣùgbọ́n ní ìparí, mo fi gbólóhùn kan kún un pé àwọn ọ̀pá mẹ́sàn-án náà ti wà nínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́fà, atẹ́gùn sì ti kàn wọ́n.

Ọ̀gá fi báírò pupa fa ilà gba orí gbólóhùn yẹn.

“Ìyẹn kò sí lára àbájáde,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ ilé ni. Lọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o wá fọwọ́ sí i. Ìwọ lo ṣe é, orúkọ rẹ ló yẹ kó wà níbẹ̀.”

Mo lè sọ pé nítorí òògùn ìyá mi ni. Mo lè sọ pé n kò mọ láàbù mìíràn ní Àkúrẹ́ tí yóò gbà mí. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ó na báírò sí mi, ó ń dúró, mo sì gbà á. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, bàbá apẹja náà wá sí Àkúrẹ́. Àárọ̀ ni, mo ń fọ ìgò lọ́wọ́. Ó wọ bùbá funfun tó ti gbó díẹ̀, ó gbé ìwé kan dání nínú ọ̀rá. Ọ̀gá kò tíì dé. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fún un ní àga.

“Wọ́n ka ìwé yìí fún wa ní ìpàdé,” ó ní. “Wọ́n ní ẹrẹ̀ wa mọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ ń bọ̀ wá wà á. Wọ́n ka orúkọ rẹ sókè. Mo wá bi ọ́: ẹrẹ̀ tí èmi pẹ̀lú rẹ fà sókè, ṣé òun nìyí?”

“Ohun tí ẹ̀rọ sọ nìyẹn, Bàbá.”

“N kò bi ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ lo bo imú.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: fírísà, ìdána, páànù, báírò pupa. Nígbà tí mo parí, ó pa ọ̀rá náà pọ̀ dáadáa.

“Ẹ̀rù ta ló bà ọ́?”

“Ọ̀gá mi.”

“Ẹ̀rù ba èmi náà,” ó ní. “Àwọn kan ti wá kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀. Mo sì gbé ọ.”

Ó dìde. Mo ní kó jẹun kó tó lọ, ó ní rárá. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀, mo dúró títí mọ́tò rẹ̀ fi lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ sí ilé iṣẹ́ náà, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí abúlé. Mo ṣàlàyé ohun tí atẹ́gùn ń ṣe sí ẹrẹ̀ òkun, mo sọ pé kí wọ́n má gba ìwé tí mo fọwọ́ sí gbọ́. Èsì tí ilé iṣẹ́ náà kọ kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Wọ́n ní ọwọ́ kan náà ló fọwọ́ sí ìwé méjèèjì, pé ti àkọ́kọ́ ni àwọn mọ̀, nítorí pé òun ló ní òǹtẹ̀. Wọ́n fi lẹ́tà mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Kò pariwo. Ó gbé e síwájú mi, ó ní, “Mo kọ́ ẹ níṣẹ́, o wá fi bá mi jà,” ó sì ní kí n kó ẹrù mi.

Mo tún lọ sí etí òkun náà lẹ́ẹ̀kan. Mo yá ọ̀pá lọ́wọ́ ẹnì kan tí a jọ kàwé, mo rò pé bí mo bá lè gba ẹyọ kan péré, mo lè gbé e lọ sí láàbù mìíràn. Bàbá náà gbé mi dé ibẹ̀. Omi náà ti di pupa rúsúrúsú. A ju ọ̀pá sínú rẹ̀, okùn tán lọ́wọ́ wa kí ó tó kan ìsàlẹ̀. Wọ́n ti wa gbogbo rẹ̀ kúrò. Nígbà òjò tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ pé ẹja ń léfòó níwájú abúlé náà, pé àwọn ènìyàn kò lè dẹ àwọ̀n síbẹ̀ mọ́, pé bàbá náà ti kó lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Òkìtìpupa. N kò lè búra pé ẹrẹ̀ tí wọ́n tú ló pa ẹja wọn. Ohun tí à bá fi mọ̀ kò sí mọ́, àwa la sì bà á jẹ́.

Mo padà sí Oǹdó, mo di olùkọ́ kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìyá mi gbé ọdún díẹ̀ sí i. Mo ti rò pé yóò bínú nítorí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, ohun kan ṣoṣo ló bi mí: “Kí ló dé tí o kò kọ lẹ́tà yẹn kí bàbá yẹn tó wá?” Kò bi mí mọ́ títí ó fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ síbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ní Àkúrẹ́. Bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ kàn mí léjìká. Ọ̀gá mi àtijọ́ ni. Ó ti darúgbó, irun rẹ̀ ti funfun, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi láti rí mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó yíjú sí àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi nìyí,” ó ní. “Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun.”

Gbogbo wọn kí mi. Mo ti ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún un lẹ́nu láti ọdún pípẹ́ wá, mo ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ, mo tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ jáde nígbà míràn tí mo bá dá wà nílé.

“Ẹ ṣé, sà,” ni mo wí. Nígbà tí mo máa fi mọ̀, mo ti kúnlẹ̀.